Mo Lọ Ra Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ ní Ẹ̀sìẹ́

Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, nínú oṣù tí kajú ń pọ́n, ni mo gbéra ní Ìbàdàn. Ẹrù mi kò pọ̀: ṣòkòtò kan, bùbá méjì, aṣọ ìnura, sukudiráfà mẹ́ta, irin tí mo fi ń yọ́ òjé, àti òjé díẹ̀ tí mo wé mọ́ igi. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí Ìwó Road bi mí bóyá káfíńtà ni mí. Mo ní rárá. Kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn.

Káfíńtà kọ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi tún ẹ̀rọ táípù ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ, àwọn irú èyí tí èèyàn lè gbé rìn. Mo ní èyí tó ń ṣí bí ilé awò ojú, mo ní èyí tí a ń fi kálàmù oníke kọ nǹkan sí lójú, mo ní èyí tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ń gbé ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, lórí pẹpẹ nínú yàrá tí ìyàwó mi ti máa ń ránṣọ. Nígbà tó wà láyé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Bàbá Fúnkẹ́, èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló máa bá mi pọnmi?” Ó di ọdún kẹrin báyìí tí kò bi mí mọ́.

Nínú gbogbo Nàìjíríà, àwa mẹ́sàn-án péré ni mo mọ̀ tó ń ṣe irú nǹkan báyìí. A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ṣùgbọ́n mi ò fojú rí ẹnì kankan nínú wọn rí. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán ẹ̀rọ tí mo ń sọ yìí. Ó tóbi tó ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ọwọ́ ìgbé bí àpótí, ìdérí rẹ̀ gan-an sì ni ibi tí a ń tẹ lẹ́tà. Ojú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, àwọ̀ ewé sì ni lẹ́tà rẹ̀ máa ń jẹ́ tó bá tàn. Àwọn baba ńlá kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé sórí itan nìyẹn. Ọdún méjìlá ni mo ti ń wá irú rẹ̀. Wọ́n kọ iye kan sábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù, wọ́n sì kọ Ẹ̀sìẹ́, ìpínlẹ̀ Kwara.

Mo pè. Ìyá àgbàlagbà kan ló gbé e. Mo ní ṣé iye tí wọ́n kọ náà ni. Ó ní, “Ẹ wá wò ó ná. Ọjọ́ wo lẹ lè wá?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìgbà ló ń béèrè ọjọ́ tí mò ń bọ̀. Nígbà kẹta, ó ní ṣé mo máa ń jẹ iyán.

Ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Ọ̀nà náà dára títí a fi kọjá Ọ̀yọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, awakọ̀ ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni ń wá nǹkan tó jábọ́. Gbogbo wa inú ọkọ̀ ló tẹ fóònù títí a fi dé. Mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èèyàn kì í wọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin kó má mọ orúkọ ọmọ ẹni tó jókòó tì í.

Ọkọ̀ kékeré kan gbé mi láti Ìlọrin dé Gánmọ̀, níbẹ̀ ni mo ti bọ́ sínú ọkọ̀ tó ń lọ Òmù-Àrán, lábẹ́ àwọn wáyà iná gbọọrọ tó ti ibẹ̀ pín lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Mo ra wàrà díndín márùn-ún, igba náírà ìkọ̀ọ̀kan, gbígbóná, pẹ̀lú ata gígún. Tiwọn le ju ti Ìbàdàn lọ, ó sì ń dún lẹ́nu bí o bá ń jẹ ẹ́. Iwájú ni mo jókòó sí. Ará Ìlọrin ni awakọ̀ wa, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan.

“Bàbá, ṣé ẹbí yín ló wà ní Ẹ̀sìẹ́?”

“Rárá o. Mo fẹ́ lọ ra ẹ̀rọ kan ni. Kọ̀ǹpútà àtijọ́.”

“Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

Ó wo ojú mi, ó wo ọ̀nà. “Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i,” ó wí. Ohun tí àwa ń pè ní ìbùkún nìyẹn, ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀ ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bá ẹni tó ṣòfò kẹ́dùn.

Lẹ́yìn Ajàṣẹ́, òórùn kajú gba gbogbo ọ̀nà. Ní Ìbàdàn, èso yẹn là ń rà nínú abọ́, tá à ń fa omi rẹ̀ mu. Lọ́hùn-ún, kóró rẹ̀ ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n sá a sórí tapólì lẹ́bàá títì, èso pupa àti èso yẹ́lò sì ń rà ní ìdí igi, tí eṣinṣin ń kùn lé wọn lórí. Mo sọ̀ ní Òrò, mo gun ọ̀kadà ẹgbẹ̀rún kan náírà wọ Ẹ̀sìẹ́. Ọlọ́kadà ní, “Ṣé àwọn òkúta lẹ wá wò?” Ère òkúta ìlú náà ló ń wí, èyí tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, tí wọ́n jókòó jọ sínú ilé kan, tí kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn ni àlejò máa ń torí wọn wá. Mo ní ilé Màmá Tíṣà ni mò ń lọ, orúkọ tí ìyá orí fóònù yẹn ní kí n máa béèrè. Kò tún béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi.

Ìyá náà ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí a tó dé, bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́. Ó tín-ín-rín, ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn.

“Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Bàbá ta ni kí n máa pè yín?”

“Bàbá Fúnkẹ́, Mà.”

“Bàbá Fúnkẹ́, ẹ wọlé. Omi ìwẹ̀ yín ti wà nílẹ̀.”

Nílùú tiwa, àlejò tó bá wá ra ọjà, ọjà la ń kọ́kọ́ fi hàn án. Níbẹ̀, mo wẹ̀, mo jẹun, wọ́n kí mi délé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mi, kò sí ẹni tó dárúkọ ọjà. Iyán ni wọ́n gún fún mi. Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò tó wà ní ojúlé kejì, ló gún un. Tòun ti Màmá ń fi ẹnu Ìgbómìnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí odó, mo sì ń gbọ́ ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjú sí mi, wọ́n á yí i padà sí Yorùbá tí mo mọ̀. Iyán náà funfun, kò ní kókó kan, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ni pẹ̀lú ẹja gbígbẹ.

Màmá jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán. Àwòrán ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri, ọ̀gá iléèwé tẹ́lẹ̀ rí, tó wọ kóòtù. Ó bi mí nípa ìyàwó mi. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń béèrè kó lè rí i pé òun ti béèrè. Ó ní irú orin wo ló máa ń kọ? Ṣé ó máa ń bínú? Níbo ni a ti pàdé? Mo sọ fún un bí mo ṣe lọ tún ẹ̀rọ táípù ṣe ní ọ́fíìsì kan, tí akọ̀wé wọn sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n lè máa wá. Mi ò tíì sọ ìtàn yẹn láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Ẹnu yà mí bí ó ṣe yá lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, “Màmá, ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?” á ní, “Ibi tó wà ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.”

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Ṣẹ́gun ń fọ odó. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta.”

“Ìkẹta kí ni?”

“Ẹni tó wá ra nǹkan yẹn. Ọ̀kan ti Àkúrẹ́ wá, ọ̀kan ti Kàdúná wá. Iyán yìí kan náà ni mo gún fún wọn. Wọn kò rí i rà. Màmá ò ní tà á.”

Mo wọ yàrá tí wọ́n fún mi, mo jókòó sétí ibùsùn. Inú bí mi gan-an. Ọkọ̀ mẹ́ta àti ọ̀kadà méjì ni mo wọ̀. Ohun tó tún dùn mí ju ọkọ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ nípa ìyàwó mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà á lọ́wọ́ mi.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti di ẹrù mi. Màmá wo báàgì náà. Ó mú mi lọ sí yàrá kan, ó tọ́ka sí ohun kan tí wọ́n fi ògbólógbòó ìró bò. Èmi ni mo gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì tó ti lọ sí ìlàjì. Mo ṣí i. Kò sí bọ́tìnnì kan tó yọ. Síbẹ̀, mo dé e padà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ yìí, àbí ẹ ò fẹ́ tà á?”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún. Ó nù ún títí.

“Àwọn méjì tó kọ́kọ́ wá, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Iye ni wọ́n ń béèrè. Mo bá ń pe iye tí mo mọ̀ pé wọn ò ní lè san.”

“Kí ló dé, Mà?”

“Nígbà tí bàbá wọn wà, ilé yìí kì í ṣófo. Olùkọ́ ń wá, ọmọ iléèwé ń wá, pásítọ̀ ń wá. Ó kú tán, wọ́n ṣì wá fún bí ọdún kan. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Owó wọn ń wọlé, Bàbá Fúnkẹ́. Àwọn kọ́ ló ń wọlé. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi gbé àwòrán nǹkan yìí sórí fóònù, ará Àkúrẹ́ yẹn wá, ó sùn, ó jẹun, ó sọ bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ń yọ òun lẹ́nu. Ó lọ tán, mo ṣàkíyèsí pé mò ń kọrin nídìí ààrò.”

Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú padà.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni,” ó wí. “Ìyá ìjọ ni mí. Mò ń dúró níwájú àwọn obìnrin lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń kọ́ wọn ní òtítọ́. Ẹni tó ti Kàdúná wá, nígbà tó ń lọ, kò bá mi bínú. Ó dúpẹ́ oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, òun ni mò ń rí. Ẹ gbé e lọ. Iye tó wà lábẹ́ àwòrán náà ni kí ẹ san.”

Ibi tí mo ti ń retí ayọ̀, mi ò rí i. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó wà níbí. Mo ní mọ́kàndínlógún nílé.”

Ó mi orí. “Tó bá wà níbí, màá tún fi pe ẹlòmíràn. Mo mọ ara mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n rí iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ.”

Bí mo ṣe tú ẹrù mi nìyẹn. Mo yọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, mo sì rí ohun tí ọjọ́ ogbó ṣe sí i: kàpásítọ̀ kan, ohun kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára iná kó tó wọlé, ti là, ó ti ń ṣomi. Tí a bá tan án bẹ́ẹ̀, èéfín ni yóò kí wa. Mo yọ ọ́ dání, mo padà sí Òrò, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán, mo ń béèrè ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù kan hàn mí tí òkú tẹlifíṣọ̀n kún dé òrùlé. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba kàpásítọ̀ náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

“Bàbá, kí ló ni eléyìí?”

Mo ṣàlàyé. Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá. Ó ń bi mí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó ní fáànù nínú, iná mélòó ló ń gbà. Ó tú tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta kó tó rí irú rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré ló sì gbà. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, “Tó bá tàn, ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀.” Mo ronú pé ẹni kẹwàá wa nìyí, ó sì wà ní Òmù-Àrán láti ọjọ́ yìí wá láìmọ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó padà dé. Mo yọ́ òjé, mo lẹ kàpásítọ̀ mọ́ àyè rẹ̀. Ìyá Ṣẹ́gun fa jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀, a na wáyà gba ojú fèrèsé. Mo tẹ ibi títàn. Fáànù rẹ̀ kọ́kọ́ súfèé, lẹ́yìn náà nǹkan kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú ní igun ojú rẹ̀, ó dúdú, ó tàn, ó dúdú, ó tàn, pẹ̀lú àwọ̀ ewé tuntun.

“Ó mí!” ni Ìyá Ṣẹ́gun wí.

Màmá wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Díísìkì pẹlẹbẹ mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí ló wà nínú rẹ̀. Èkíní kò ṣí. Èkejì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àfi bí lẹ́tà ṣe rọ̀ sójú ẹ̀rọ lójijì. Ìbéèrè ìdánwò ni, ti kíláàsì kẹta. Màmá sún mọ́ ọn. Ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà. Ó dé ìbéèrè kẹrin, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Wọ́n kọ ‘àgbàdo’ ní ‘àgbàgbo’! Bàbá wọn ní èmi ni mo ṣì í tẹ̀. Àwọn ọmọ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi sáà kan. Òun ló pè é bẹ́ẹ̀ fún mi! Ó ń sáré pè é, oorun ń kùn ún!” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Kò gbà títí ó fi kú.”

Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láyé ìgbà yẹn. Ó tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìbéèrè náà. Ó wò ó. Ó pa á rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó sì tún àgbàdo ṣe. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná náà.

“Ó tó,” ó wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo kúrò. Mo san iye tó wà lábẹ́ àwòrán. Ó bá mi so ìró àtijọ́ yẹn mọ́ ẹ̀rọ náà kó má bàa họ, ó fi iṣu mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn nígbà tí ọ̀kadà yà. Ó ṣì dúró. Ìyá Ṣẹ́gun ti wọlé.

Orí itan ni mo gbé ẹ̀rọ náà sí láti Òrò dé Gánmọ̀, láti Gánmọ̀ dé Ìlọrin, láti Ìlọrin délé. Itan mi kú. Mo gbìyànjú láti bá ọmọkùnrin tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ ní ìkọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ó yọ nǹkan tó fi dí etí, ó ní “Sà?”, mo ní kò sí. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo gbé ẹ̀rọ náà sí àyè tí mo ti tọ́jú fún un láti ọdún méjìlá. Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, mo ń dúró de ìdùnnú. Ogún ni wọ́n pé báyìí, gbogbo wọn dojú kọ mí, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé mo rìnrìn àjò.

Mo ti máa ń rò pé ẹ̀rọ ni mò ń wá kiri. Ẹ̀sìẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni, ẹnu ọ̀nà tí ẹnì kan á ti dúró kí n tó dé. Ìyá yẹn mọ ohun tí òun ń wá ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀ nítorí òtítọ́. Mo ti ra ọ̀nà tó ń gbà pe èèyàn wọlé, mo sì ti gbé e pamọ́ sínú yàrá.

Mo mú fóònù, mo pè é. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá Fúnkẹ́, ẹ ti délé?”

“Mo ti délé, Mà.”

“Ẹ ti jẹun?”

Mo ronú láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Rárá, Mà.”

“Kí ló wà nílé?”

“Iṣu yín. Ẹyin. Ata àti àlùbọ́sà díẹ̀.”

“Ó pọ̀ tó. Ẹ dìde. Ẹ má pa fóònù o. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń dáná.”

Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Mo bẹ iṣu, mo gbé e kaná, mo gé àlùbọ́sà. Mo ń gbọ́ adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo da òróró sínú páànù, ó gbóná, mo da ata sí i, ó pariwo ṣàà, ohùn Màmá sì jáde láti Ẹ̀sìẹ́ wá:

“Ẹ dín iná yẹn kù, ó ti fẹ́ jóná.”